Ọdẹ́gbàmí àti Àwọn Adìmú Inú Igbó Àwọ̀

“Báwo ni ojú Àyọ̀ká ṣe rí?”

Baba Ọdẹ́tọ́lá ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó yí i ká nínú pálọ̀, tí wọ́n ń jíròrò lórí ìjáde òkú Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti sin. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà dáwọ́ dúró, ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ gbé e lé itan. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da baba láàmú, pé ó fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tu òun nínú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí olúkúlùkù yíjú sínú ọkàn ara rẹ̀ láti wá ojú náà, ó bá ibẹ̀ lófìfo. Wọ́n rántí ohùn Àyọ̀ká. Wọ́n rántí bó ṣe máa ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìwo ìkòkò, wọ́n rántí òórùn ọṣẹ dúdú tó fi ń wẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ kó máa gba iná, kí ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gba iná sí fóònù yìí gan-an ni Ọdẹ́gbàmí, àkọ́bí Àyọ̀ká, ti máa ń jókòó sórí àpótí bátìrì, tí á máa sọ bí ó ṣe lọ bí ó ṣe bọ̀ fún àwa ará Ajùbà. Á ní kí ẹni tó bá rò pé irọ́ lòun ń pa dìde, kó lọ gba fóònù rẹ̀ láìkún. Kò sí ẹni tó ń dìde.

Ọdẹ ni Ọdẹ́gbàmí láti ilé baba rẹ̀. Nígbà tí igbó Ajùbà tán, tí wọ́n gbin káṣú síbẹ̀, ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, ó ra kọ̀ǹpútà, ó wá ń fi kálámù oníná ya àwọn ẹranko tí kò sí mọ́. Kò gbà pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n yà ju òun lọ. Ó ní òun ya ẹtà kan rí, ajá ilé kejì gbó o títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ fún un pé kó fi ọwọ́ òsì lé kíbọ́ọ̀dù, pé àwọn bọ́tìnnì kan wà tó ń ran kálámù lọ́wọ́, á fi ọwọ́ òsì náà gbé ife tíì rẹ̀, á ní akọ̀wé ló ni bọ́tìnnì, ọdẹ ló ni ojú.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ba ọdẹ. Ẹ ẹ́ rí i, ní Ajùbà, bí ọjọ́ ìjáde òkú bá pé, àkọ́bí á gbé àwòrán òkú sókè lójú gbogbo ènìyàn, á sì pe orúkọ rẹ̀. Òkú á rí ojú ara rẹ̀, á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, á sì lọ sinmi. Èyí tí kò bá rí ojú ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà á di Aláìlójú. Ajùbà ní ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ló máa ń wá, nígbà tí oòrùn bá mú tí ojú pópó bá dá. Á fi ìborùn bo orí, á dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé, á máa béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé mi nìyí?” Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn, torí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó jẹ́. Á dúró díẹ̀ sí i, á sì lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì.

Ọ̀la ni ìjáde Àyọ̀ká.

Ọdẹ́gbàmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyá rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé, nítorí láti ọjọ́ tí gbogbo ilé ti gbọ́ pé ọdẹ ń ya ìyá, kò sí ẹni tó tún fara balẹ̀ wo ìyá mọ́. Wọ́n ti fi wíwò lé àwòrán lọ́wọ́. Ọdẹ́gbàmí dìde láàárín wọn nínú pálọ̀, ó wọ yàrá iṣẹ́, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kò bá ojú kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa rúsúrúsú kan ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ nínú dígí kọ̀ǹpútà, igbó dúdú kan sì wà létí rẹ̀. Ó ní ó rí bí ìgbà tí èèyàn dé ìdí pàkúté tó bá okùn ní jíjá. Nǹkan kan ti jẹ ojú ìyá òun.

Ọdẹ tó ń wá ipasẹ̀ a máa tẹrí ba. Ó tẹrí ba, ó sún mọ́ dígí, ó tún sún mọ́ ọn sí i, títí imú rẹ̀ fi kàn án. Dígí náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Kó tó fa ara rẹ̀ padà, ó ti wà nínú ilé àwòrán, kálámù ní èjìká rẹ̀ bí ìbọn.

Ó ti rí igbó rí, ọmọ ọdẹ ni. Ó ní èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí atẹ́gùn. Àwọn igi náà dúdú, wọn kò ní ewé, wọn kò ní ẹ̀ka, gbogbo wọn sì tẹ̀ sí apá kan náà bí ẹni pé wọ́n ń yẹra fún ohun tó ń bọ̀. Ilẹ̀ ló wá bà á lẹ́rù jù. Ó bọ́ bàtà láti rìn jẹ́jẹ́, ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ náà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́.

Obìnrin kan jókòó sí ìdí igi àkọ́kọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ọdẹ́gbàmí kí i, kò jẹ́ ẹ. Àlọ́ ló fi dá a lóhùn.

“Èmi nìkan, mi ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá tẹ̀ mí tí wọ́n fi mí sílẹ̀, bí ẹni pé wọn ò tẹ̀ mí ni. Bí wọ́n bá dì mí mú tí ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ onítọ̀hún á yí padà. Kí ni mí?”

“Ìyá ìyàwó,” ni Ọdẹ́gbàmí wí.

Níbí ni Látúndé tó ń tún fóònù ṣe máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á ní ìdáhùn yẹn tọ̀nà, kí obìnrin náà gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bọ́tìnnì ni òun, Ṣífítì lorúkọ òun. Ó ní òun àtàwọn ará òun ni wọ́n ń pè ní Adìmú, pé ẹni tó bá wọ igbó àwọn láìmọ bí a ti ń di ọwọ́ mú, igbó á fi í ṣe ìtàkùn. Ọdẹ́gbàmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó tó ń sọ àsọtúnsọ, ó sì kọjá.

Nínú igbó yẹn, kò sí ọ̀nà. Olúkúlùkù ló ń fi kálámù ya ọ̀nà ara rẹ̀ kó tó rìn ín. Ọdẹ́gbàmí na kálámù, ó ya ọ̀nà kan sínú igi. Àmọ́ ẹ̀rù ti wọ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà gbọ̀n, ọ̀nà náà sì gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó wọ́, ó lọ́, ó ṣẹ́rí padà, ó wé mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó tún ya òmíràn, ìyẹn wé mọ́ ìbàdí. Gbogbo ìlà tó bá fà ló ń dìde bí ejò tó gbọ́ ariwo ilẹ̀. Ó rántí obìnrin náà, ó nawọ́ òsì sẹ́yìn, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó sá lọ, ó sì tún fa ìlà. Ìlà náà bọ́ sí i lọ́rùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fi sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ fún.

“Mo ní kí o dì mí mú,” ni Ṣífítì wí. “Ṣé ó le ni?”

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ọdẹ́gbàmí di ọwọ́ òsì mọ́ ọwọ́ obìnrin náà, kò tú u, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún fa kálámù nígbà tí ọwọ́ ṣì wà nínú ọwọ́. Ìlà tó jáde lọ tààrà bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn ìlà tó wé mọ́ ọn tú ara wọn sílẹ̀. Ó rìn lórí ìlà tààrà náà títí igbó fi tán, kò sì fi ọwọ́ obìnrin náà sílẹ̀ títí tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi fà á yọ, tó ní ibi tí òun mọ nìyẹn, pé àbúrò òun ló kù tí yóò mú un lọ.

Àbúrò náà, Ọ́ọ̀tì lorúkọ rẹ̀, bọ́tìnnì lòun náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó na ọwọ́, ọdẹ sì dì í mú gírígírí, torí ẹ̀kọ́ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ a máa dùn mọ́ ọn. Wọ́n dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Aláwẹ́. Àwọn ará ìlú yẹn fẹ́lẹ́ bí ewé tábà, olúkúlùkù ní àwọ̀ kan ṣoṣo lára. Ọ̀kan dà bí èèpo ẹ̀pà yíyan, òmíràn bí epo tó ti sun sínú agbada, òmíràn bí inú obì tí a là láàárọ̀. Gbogbo wọn ló ti ṣá. Wọ́n rí kálámù, wọ́n sáré bò ó. Wọ́n ní ẹni tó ń kùn àwọn kò parí iṣẹ́ tó fi lọ, pé àwọn ti ń rọ láti ọjọ́ náà wá, pé kó jọ̀wọ́ kùn àwọn díẹ̀ kí àwọn tó parẹ́.

Ọdẹ́gbàmí ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n dé. Ó fi kálámù kan obìnrin aláwọ̀ ẹ̀pà. Obìnrin náà kò pọ́n sí i. Orí kálámù ló di àwọ̀ ẹ̀pà. Ó kan ọkùnrin aláwọ̀ obì, kálámù di àwọ̀ obì, ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ọdẹ fi kan ẹni yìí, ó fi kan ẹni yẹn, kálámù ń yí àwọ̀ padà bí ọ̀gà, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n ní olè ni. Wọ́n yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ewé òjò, lójú, nímú, lẹ́nu, láìpariwo. Ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ rí, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ikú tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

“Ọdẹ,” ni Ọ́ọ̀tì wí sí i létí, “ọwọ́ ń ro mí.”

Ìgbà náà ló tó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ó ti kọ́ bí a ti ń dì mú, kò tíì kọ́ bí a ti ń fi sílẹ̀. Bí ọwọ́ Ọ́ọ̀tì bá wà nínú ọwọ́ ẹni, kálámù kì í kùn, gbígbà ló máa ń gba àwọ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Kálámù tún di kálámù. Ó di Ọ́ọ̀tì mú, ó gba àwọ̀ lára ẹni tí àwọ̀ ṣì kù díẹ̀ lára rẹ̀, ó fi Ọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó kùn ún sára ẹni tó ti ṣá. Báyìí ló ṣe, dì mú, fi sílẹ̀, dì mú, fi sílẹ̀, títí wọ́n fi bọ́ kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n sì ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ó wá béèrè ojú Àyọ̀ká lọ́wọ́ wọn. Obìnrin aláwọ̀ ẹ̀pà wò ó títí.

“Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Kò sí ìkankan nínú wa tó tíì rí i.”

Ọdẹ́gbàmí kì í fi àlọ́ sílẹ̀ láìjà, ṣùgbọ́n eléyìí kò yé e. Ó jáde ní ìlú náà, ó ń tú àlọ́ náà sọ́tùn-ún, ó ń tú u sósì, nígbà tó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró, ìrìn náà dúró. Ó wẹ̀yìn. Ẹnì kan dúró sórí ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà, ó fi ìborùn bo orí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé mi nìyí?”

Ó mọ ohùn náà. Òun kọ́ ni Aláìlójú tí a mọ̀ ní Ajùbà. Ohùn tó ń pè é láàárọ̀ nígbà tó wà ní kékeré ni. Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí bá dé ibí yìí nínú ìtàn, kì í lè wo ojú wa, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ó ní òun sá. Ọdẹ tó dúró de ẹfọ̀n, ó sá fún ìyá rẹ̀.

Ibi tó ti ń sá ló ti já lu Kọ́ńtíróòlù, àgbà Adìmú, ọkùnrin kúkúrú abọwọ́-nípọn. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó ń fẹ̀yìn rìn. Sẹ́ẹ̀dì nìyẹn, lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ti òyìnbó. Kọ́ńtíróòlù ní kó di òun mú, kó sì fọwọ́ kan Sẹ́ẹ̀dì léjìká, ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn á di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọdẹ́gbàmí dì í mú, ó fọwọ́ kan Sẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó fi ìborùn borí rìn sẹ́yìn, ó kéré, kò sí mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá gba irú nǹkan báyìí, ṣé ẹ ẹ́ dúró níbẹ̀? Ọdẹ́gbàmí kò dúró. Ó tún fọwọ́ kàn án. Àwọn ará Aláwẹ́ tún ṣá. Ó tún fọwọ́ kàn án. Àwọn ìlà inú igbó ká ara wọn padà sínú kálámù. Ó jáde kúrò nínú dígí, ó kọjá pálọ̀, baba gbé ìbéèrè rẹ̀ mì. Ó ń fọwọ́ kàn án, kò fẹ́ dá a dúró. Yẹ̀pẹ̀ fò jáde nínú sàárè padà sórí ṣọ́bìrì, àwọn aṣọ̀fọ̀ fa igbe wọn padà sínú àyà, posí ṣí. Ó wá bá ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wọn, nínú oòrùn àárọ̀. Àyọ̀ká jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó rí gèlè rẹ̀, ó rí ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó gbọ́ bí èèpo ṣe ń já.

Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, yóò yíjú. Ó fọwọ́ kan Sẹ́ẹ̀dì. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó tún kàn án, ó lù ú, ó gbá a.

Sẹ́ẹ̀dì ní kó má bínú. Ó ní ibi tí ìrántí àwọn mọ nìyẹn, pé kò sí kọ̀ǹpútà tó ń rántí títí ayé.

Ọdẹ́gbàmí wá pe ìyá rẹ̀. Èèpo ẹ̀gúsí dákẹ́. Àyọ̀ká kò yíjú, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

“Ọdẹ́gbàmí, o ti sún mọ́ mi jù.”

Ayé já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ti ká sẹ́yìn tú síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ikú, posí, yẹ̀pẹ̀, ìbéèrè, igbó, wọ́n sì gbé e sọ sétí omi dúdú kan lábẹ́ àwọn igi tó tẹ̀ sí apá kan. Omi náà kò mì. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan dúró láàárín rẹ̀, kò sì sí oòrùn lójú ọ̀run tó lè tàn án.

Ó jókòó, ó sọkún. Ó ro ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé alààyè kì í sún mọ́ òkú, pé òun ti rú òfin. Ẹnì kan wá jókòó tì í. Kò ní láti wò ó kó tó mọ̀. Ẹni tó fi ìborùn borí náà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé mi nìyí?”

Lọ́tẹ̀ yìí kò sá. Ó ní bí òun bá tún sá, ta ni yóò jókòó tì í? Ó gbé etí ìborùn náà sókè díẹ̀. Kò sí ojú lábẹ́ rẹ̀, kò sí imú, kò sí ẹnu. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan ló tẹ́ lọ rẹrẹ, bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé. Ó da ìborùn náà padà bí ó ti wà. Ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ọwọ́ náà kò mọ ọwọ́ rẹ̀.

Kọ́ńtíróòlù ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé ọdẹ gbà pé Sẹ́ẹ̀dì nìkan ni òun ń bá ṣiṣẹ́. Ó nàka sí ọkùnrin róbótó kan tó jókòó sétí omi, tí kò lẹ́nu, tí kò lápá, tó dà bí ẹyin. Òdo lorúkọ rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe?” ni Ọdẹ́gbàmí béèrè.

“Ó máa ń fa èèyàn sẹ́yìn kúrò nídìí nǹkan.”

Ọdẹ́gbàmí kọ̀. Ó ní ìyá òun ń bẹ níbí, bó ti wù kó rí. Ó ní bí òun bá lọ láìrí ojú rẹ̀, ta ni yóò tún wá a wá? Kọ́ńtíróòlù kò bá a jiyàn. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ tó nípọn, ó sì ń retí. Ẹni abẹ́ ìborùn tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, kò jọ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn ló mú ọdẹ dìde. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti ṣe láyé òun, kò sí èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó di Kọ́ńtíróòlù mú, kò fi sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kan Òdo lórí.

Ilẹ̀ bọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń gòkè, bí ẹyẹ tí ẹnì kan jù sókè. Ìborùn nìkan ló kù níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Àwọn igi dúdú náà sún mọ́ ara wọn, wọ́n tínrín, wọ́n di irun ìpéǹpéjú. Omi dúdú náà di róbótó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì di ìmọ́lẹ̀ tó máa ń wà nínú ẹyinjú. Ilẹ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó ti ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ tẹ̀ síhìn-ín, ó ga sọ́hùn-ún, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó bá ara rẹ̀ lórí àga nínú yàrá iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Baba Ọdẹ́tọ́lá ti fara ti ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jìnnà díẹ̀, ó ń wo dígí láti orí èjìká ọmọ rẹ̀.

“Àyọ̀ká,” ni baba wí, bí ọkọ tí ń kí ìyàwó káàbọ̀ láti oko.

Ojú náà kún inú dígí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń wò wọ́n.